Áńgẹ́lì Onípélé Lọ sí Bódìjà

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú mi dé ìlú. Wọ́n ní Bọ́sẹ̀dé lọ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́, ó sì fi ìgbéraga tì í dànù. Àwọn kan ní orí kunkun bàbá mi ló ń dà mí láàmú. Ìyàwó wòlíì wa alára pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi mí bóyá mo mọ iye ènìyàn tó ń fi ààwẹ̀ wá irú ààyè bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì tún pè mí lọ́la, ohun tí mo ṣe náà ni n ó tún ṣe. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi, torí ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, áńgẹ́lì ni mo ń ṣe. Sìmẹ́ǹtì, yanrìn, irin tín-ín-rín àti omi ni mo fi ń ṣe wọ́n, mo sì máa ń gbé wọn dúró sórí ibojì káàkiri agbègbè wa ní Àkókó. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ àṣà tí gbogbo ìlú wa ti sọ di tiwọn: bí wọ́n bá fẹ́ ṣe áńgẹ́lì sórí ibojì ẹnìkan, wọn yóò kọ́kọ́ béèrè irú ilà tó wà lójú olóògbé, wọn yóò sì fa ilà náà sí ojú áńgẹ́lì. Wọ́n ní áńgẹ́lì tí yóò wá jí ìyá ènìyàn láàárín òkú gbọ́dọ̀ jọ ará ilé, kí ìyá má baà sá fún un. Títí dòní, ọmọ ìlú wa tí kò kọlà, tí kò sì ní kọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀ láéláé, yóò mú fọ́tò ìyá rẹ̀ wá bá mi, yóò fi ìka tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, yóò ní kí n má gbàgbé èyí o.

Pásítọ̀ Bánkọ́lé ló pè mí. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, ìsìnkú ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì dúró pẹ́ níwájú áńgẹ́lì kan tí mo ṣe. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe rìtírìtì ọjọ́ mẹ́ta ní Bódìjà fún àwọn Kristẹni tó ń fi ọwọ́ tàbí ohùn dá nǹkan, òǹkọ̀wé, akọrin, ayàwòrán, kí a jọ wo bí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ ọnà ṣe jẹ́ sí ara wọn. Kí oníkálukú mú iṣẹ́ kan tó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn wá. Wọ́n fi kún un pé ilé àdúrà tuntun wà nínú ọgbà náà, orí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo, nínú iṣẹ́ tí a bá mú wá ni ìgbìmọ̀ yóò sì ti yan èyí tí wọn yóò ní kí a ṣe ní ńlá síbẹ̀.

Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń ṣe áńgẹ́lì fún òkú. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe ọ̀kan síbi tí alààyè ń gbà wọlé rí. Ẹ jẹ́ kó yé yín kí ẹ tó máa pè mí ní agbéraga: mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn, mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo sì jókòó láti ronú ohun tó jẹ́ ìgbàgbọ́ mi, ìyá mi ni mo rí. Àwọn ló kọ́ mi ní àdúrà, àwọn ló pọ̀n mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bàbá mi kò tíì gba Jésù. Áńgẹ́lì kékeré tí mo ṣe, tó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, pélé mẹ́ta-mẹ́ta ìyá mi ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Ìró ìyá mi kan ni mo fi dì í, mo sì gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ń wò ó láti Ọ̀wọ̀. Nígbà tí a kọjá Iléṣà, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ní ọmọ mi mà jẹ́ẹ́ o, kì í sunkún. Mo ní kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é. Ó wò mí, ó wo ìró náà, ó sì bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn kí wọ́n jọ pààrọ̀ àyè. Ẹni tó bọ́ síbẹ̀ sún mọ́ etí, mo sì jókòó pẹ̀sẹ̀ dé Ifẹ̀.

Ìbàdàn kì í bẹ̀rẹ̀ níbì kan tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ẹ ó máa rò pé ẹ ò tíì dé, ẹ ti dé tipẹ́. Ní Ìwó Road, onítakisí tí mo bá ní òun ò lè gbé mi. Ó ti rí ìyẹ́ áńgẹ́lì náà tó yọ létí ìró. Ó bi mí bóyá kì í ṣe òrìṣà ni mo dì. Mo ní áńgẹ́lì ni. Ó ní kí n ṣí i kí òun rí i. Mo ṣí ojú rẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń pe èrò Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní ó jọ ìyá ìyá òun. Àga iwájú ló gbé e sí, ó fi bẹ́líìtì dè é, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn. Títí a fi dé Bódìjà ló ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà fún mi, bí wọ́n ṣe ń ta èlùbọ́, bí wọ́n ṣe ń lé òun kiri àdúgbò bí òun bá sá nílé kéú. Mùsùlùmí ni. Ó ní màláíkà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn, òun ò sì mọ̀ pé wọ́n lè kọlà.

Káàdì ọrùn

Ọgbà tí wọ́n ti ṣe rìtírìtì náà wà ní apá ibi tí ògiri ti ga ju ènìyàn lọ ní Bódìjà, tí òdòdó sì ń yọjú lórí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ń retí ẹni tí yóò kí mi kú ìrìn. Ọmọbìnrin kan jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì béèrè orúkọ mi kó tó kí mi. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n dìde gìrì, wọ́n ń fà mí sókè bí ẹni tó ṣubú.

Wọ́n so káàdì kan kọ́ mi lọ́rùn. "Bọ́sẹ̀dé" nìkan ló wà lára rẹ̀. Kí n tó mí, ọmọ tí mo lè bí ti ń pè mí ní Bọ́sẹ̀dé. Mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní gbogbo wa dọ́gba níwájú Ọlọ́run. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní kí ọmọ kékeré máa pe orúkọ mi gbàgà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mọ́mì Bọ́sẹ̀dé.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá sọ Yorùbá ilé wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Yorùbá tiwọn ni Yorùbá inú ìwé, tiwa ní Àkókó sì ń dún létí wọn bí èdè àlejò. Mo yí i padà sí ti inú ìwé nígbà tí mo bá rántí. Nígbà tí inú bá bí mi, mi ò kì í rántí.

Oúnjẹ

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀yin ló lè lóye àṣìṣe tí mo wá ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ní rìtírìtì, ẹ mọ ohun tó jẹ́: ààwẹ̀ gbígbẹ, tí omi kì í kan ọ̀fun títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aṣọ àdúrà funfun, ẹsẹ̀ lásán, ẹní àti àbẹ́là nínú àpò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mi láti ilé ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Bí mo ṣe wọlé ni mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu géètì, mo wọ aṣọ funfun mi, mo sì tẹ́ ẹní mi sí kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.

Wọ́n wá gbé ìrẹsì jáde. Ìrẹsì, dòdò àti adìyẹ tí itan rẹ̀ tó ti ọdún. Ojú mi rí i, mo gbójú kúrò. Kò pẹ́ sí i, tíì dé, pẹ̀lú míìtì páì àti kéèkì. Mo rò pé ìdánwò ni. Lóòótọ́ ni mo ń sọ fún yín. Mo rò pé wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó lágbára nínú ẹ̀mí, mo sì ń wo àwọn tó ń jẹun, àánú wọn ń ṣe mí. Nígbà tí Pásítọ̀ Bánkọ́lé fúnra wọn mú míìtì páì kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún wọn nínú.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ fásitì ni, ewì ló ń kọ, yàrá kan náà ni wọ́n fi wá sí. Ó gbé àwo tí wọ́n fi nǹkan bò wá bá mi lórí ẹní, ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé mi ò ní ṣubú sínú pàkúté náà, kí òun náà ṣọ́ra. Ọmọ náà wò mí títí.

"Mọ́mì," ó ní, "kì í ṣe ìdánwò o. Wọ́n kàn ń fún wa lóúnjẹ ni."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò já ààwẹ̀ náà. Ohun tí mo bá ti bá Ọlọ́run sọ, mo ti bá a sọ nìyẹn. Nígbà tí agogo mẹ́fà lù, wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, Tèmi sì mú mi jáde lọ sí Àgbowó, níbi tó ń gbé. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni mo fi ṣínu, lórí ìjókòó onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì jẹun. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì náà rí aṣọ funfun mi, ó ní Ìyá Aládùúrà, ẹ gbàdúrà fún mi o. Mo gbàdúrà fún un lójú ẹsẹ̀, ó sì fi bọ̀ọ̀lì kan lé e fún mi. Mi ò rántí ìgbà tí oúnjẹ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Tèmi pé èyí gan-an ni rìtírìtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta dára. Wọ́n ní kí oníkálukú lọ jókòó níbi tó bá wù ú fún wákàtí kan, kó má sọ̀rọ̀, kó má kọrin, kó má gbàdúrà jáde, kó kàn wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀mí òdì ti di ẹnu rẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo ń wò. Mo rí i bí sìmẹ́ǹtì ti jẹ èékánná mi, mo sì rí i pé ọwọ́ bàbá mi ni. Omijé bọ́ lójú mi. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò jókòó láti wo ọwọ́ tó ń ṣe é rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníkálukú ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Tèmi ka ewì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àwọn irin ògbólógbòó tó tú lára mọ́tò jó àgbélébùú kan pọ̀, ó rẹwà, mi ò ní sẹ́ ẹ. Nígbà tó kàn mí, mo tú ìró ìyá mi, mo gbé áńgẹ́lì náà dúró sórí tábìlì. Obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó wá dúró tì í, ó ń nu omijé ojú ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Pásítọ̀ Bánkọ́lé ránṣẹ́ pè mí sí yàrá ìgbìmọ̀. Àwọn márùn-ún ló jókòó. Àgbà wọn ni Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní fásitì. Ọmọ Ìbàdàn gan-an ni wọ́n. Àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, ó jinlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi pọ́dà bò ó dáadáa.

Pásítọ̀ ní iṣẹ́ mi ni wọ́n yàn. Mo dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò tíì dìde tán tí wọ́n fi ní ó ku nǹkan kékeré kan. Wọ́n fẹ́ kí n dí ilà ojú rẹ̀.

Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní oríṣiríṣi ènìyàn ni yóò máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ẹni tí kò mọ àṣà ìlú mi lè rò pé òrìṣà ni wọ́n gbé sókè. Wọ́n ní Òfin inú Bíbélì kò sì fẹ́ kí ènìyàn sín gbẹ́rẹ́ sára. Mo yíjú sí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ń retí pé àwọn ni yóò gbè mí. Àwọn gan-an ló le jù.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "èmi tí wọ́n kọ ọ́ fún ni mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Wọn ò bi mí léèrè. Mo dé ìlú òyìnbó, ọmọdé kan bi mí nínú ọkọ̀ pé ta ló fi ọ̀bẹ ya mí lójú. Kò sí ilà lọ́run."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún wọn, ó dùn mí tọkàntọkàn. Mo sọ fún wọn pé èmi náà kò kọlà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀bẹ lé ojú ọmọ. Wọ́n ní ó dáa, nígbà náà kò yẹ kó ṣòro. Kí n dí i, kí wọ́n rí bí yóò ṣe rí, kí a sì jọ fẹnu kò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Wọ́n tilẹ̀ ti ní kí wọ́n bá mi wá sìmẹ́ǹtì.

Ilà kan

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìgbéraga ni. Mo dí i.

Mo gbé áńgẹ́lì náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo po sìmẹ́ǹtì náà kó fẹ́lẹ́, mo fi aṣọ tútù nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mo mú ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń dán ojú wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé sìmẹ́ǹtì lásán ni. Mo ní ìyá mi wà lọ́run, wọn kò sí nínú yanrìn. Mo ní ta ni yóò mọ̀. Mo ti ń rí ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà náà lọ́kàn mi, mo ti ń rí ara mi lórí àkàbà. Mo fi ọ̀bẹ fa sìmẹ́ǹtì kọjá lórí ilà àárín, mo dán an, ó dọ́gba, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Mo wá sún sẹ́yìn láti wò ó.

N kò mọ ẹni tó ń wò mí. Ojú tó dára ni, ojú tó mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni. Mo pè é. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ wèrè, ṣùgbọ́n mo pè é, mo ní "Màámi," bí mo ṣe máa ń pè wọ́n tí mo bá dé láti oko. Ojú náà kò mọ̀ mí.

Sìmẹ́ǹtì tó bá fẹ́lẹ́ kì í fún ènìyàn láàyè púpọ̀ kó tó mú. Mi ò dúró wá ọ̀bẹ, èékánná ni mo fi họ ọ́. Mo họ ọ́ títí ìka mi fi bó, mo bu omi lé e, mo tún họ ọ́. Nígbà tí Tèmi wá wò mí, ilà náà ti jáde padà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti parí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti parí. Mo da ìyókù sìmẹ́ǹtì náà sídìí ògiri.

Yàrá ìgbìmọ̀

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo gbé áńgẹ́lì náà wọlé bó ṣe wà. Pásítọ̀ Bánkọ́lé wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní àbí àyè kò gbà mí láti dí i ni. Mo kúnlẹ̀. Yorùbá ilé wa ni mo fi sọ ọ́, torí mi ò rántí ti inú ìwé mọ́. Ohun tí mo sọ rèé:

"Sà, nígbà tí Jésù jíǹde, Ọlọ́run tó jí i lè dí ojú ìṣó ọwọ́ rẹ̀. Kò dí i. Àpá yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé òun ni. Bí mo bá dí ti ìyá mi, ta ni kí n wá sọ pé ó jíǹde?"

Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Pásítọ̀ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún pẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi jinlẹ̀, àwọn yóò sì lọ rò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lé lórí kò ṣeé yí padà lọ́wọ́ ẹnìkan. Mo ní mo gbọ́, sà. Mo ní ohun tí èmi àti ìyá mi fẹnu kò lé lórí náà kò ṣeé yí padà. Mo dì í sínú ìró, mo sì jáde.

Àgbélébùú onírin ni wọ́n mú. Mo bọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé kó fi ọ̀dà kùn ún kí òjò má baà jẹ ẹ́. Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí.

Kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ náà kò padà sọ́wọ́ mi. Nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ sí gáréèjì, Tèmi dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tí mo rí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé wọn. Wọ́n ní kí n ṣí áńgẹ́lì náà. Mo ṣí i. Wọ́n fi ìka tọ pélé rẹ̀, ìkíní, ìkejì, ìkẹta.

"Ṣé o lè ṣe àbàjà?" wọ́n bi mí.

Mo ní mo lè ṣe é, mà.

Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn wà lókè òkun, ìgbà tí àwọn bá kú, òkúta dídán tí wọ́n kọ orúkọ sí ni wọn yóò rà. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe áńgẹ́lì kan sórí ibojì àwọn, kí n ṣe ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù láti inú àpò, wọ́n sì nu pọ́dà kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn kí n lè ka ilà náà.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, ó bí mi ju ti yàrá ìgbìmọ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, nínú aṣọ funfun mi, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúró sọ fún àgbà.

"Mà, n ò ní ṣe é ní kọ̀rọ̀ fún yín nígbà tí wọ́n ní kí n dí ti ìyá mi ní gbangba. Ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ fún wọn ohun tí ẹ sọ fún mi yìí. Ẹ pè mí lẹ́yìn náà. Ibi yòówù kí n wà, màá wá."

Tèmi fi ọwọ́ bo ẹnu. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ̀rù sì bà mí, torí bí ìyá mi bá wà láàyè, wọn ì bá gbá mi létí kí wọ́n tó gbè mí lẹ́yìn. Màmá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ pé mo ṣàfojúdi. Wọn ò súre fún mi. Wọ́n yí ọ̀pá wọn padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pọ́dà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kan, kò sí lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì.

Awakọ̀ béèrè bóyá ká máa lọ. Mo ní kó dúró. A dúró títí Màmá fi dé yàrá ìgbìmọ̀, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì wọlé. Wọn ò pa á dé.